Òróró Ọjọ́ Méje Lójú Gíláàsì

Bí ohun kan bá wà láyé tí Mọ́rúfù kórìíra ju irọ́ lọ, ìdọ̀tí lójú gíláàsì mọ́tò ni. Mi ò ṣàsọdùn. Ọkùnrin yìí ti wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó mọ gbogbo kòtò àti gegele láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Òmùò, ó sì mọ gbogbo ibi tí omi òjò máa ń dá sí lójú títì Àkúrẹ́. Kì í bá ọlọ́pàá jà, kì í bínú sí èrò tó bá ń ráhùn. Ṣùgbọ́n kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn, kó rí i pé eruku àná ti bá ìrì òní pò di ẹrẹ̀ lójú gíláàsì, inú rẹ̀ á rú bíi ti ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. Á dúró, á wò ó, á mi orí. "Ọ̀bùn," ni á wí, á sì tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bàbá Wáípà ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò wọn ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí èèyàn bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ tó jẹ́ pé òkè Olósùnta ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni. Òun náà mọ̀, kò kà á sí. Ó ní àpò ọ̀rá kan tí kì í kúrò lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìgò spírítì kékeré kan, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú nínú agolo mílíìkì, ìwé ìròyìn àtijọ́, àti aṣọ funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Rọ́fíàt ìyàwó rẹ̀ ṣèèṣì fi aṣọ náà sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná lọ́jọ́ kan. Mọ́rúfù kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé ó bínú. Ó ní ẹ̀gbin náà ló ká òun lára tí oúnjẹ kò fi lè gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń ṣe é. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, yóò yọ rọ́bà wáípà ti ọdún tó kọjá dànù, yóò wá òmíràn lọ. Kì í rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lójú títì. Ó ní rọ́bà tiwọn dà bí èyí tí wọ́n gé lára sálúbàtà. Yóò tẹ tuntun náà wò, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi èékánná họ etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé apá wáípà sókè, yóò jẹ́ kó fa ọwọ́ rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá sípírínì rẹ̀ ṣì lágbára. Nítorí wáípà tó ń nu gíláàsì dáadáa nígbà tí mọ́tò ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ìlú, ẹ mú un dé ojú títì gbọọrọ, kí ẹ tẹ mọ́tò dé ọgọ́rùn-ún, ẹ ó rí nǹkan. Afẹ́fẹ́ á kó sí abẹ́ rọ́bà, á gbé e kúrò lójú gíláàsì, wáípà á wá máa lọ máa bọ̀ lásán bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Mọ́rúfù kì í fi í kọjá ọgọ́rin bí òjò bá ti ń rọ̀, kódà kí ẹni tó gbé máa gbé e ṣépè. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Èsì tó máa ń fún wọn nìyẹn.

Ohun tí àwọn awakọ̀ yòókù ń ṣe máa ń rí i lára gidigidi. Ọ̀kan á la àlùbọ́sà sí méjì, á fi pa gíláàsì. Òmíràn á já ewé tábà. Ó rí ọ̀kan lọ́nà Adó tó na ọwọ́ síta láàárín òjò, tó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì tó bọ́ lára nu ojú mọ́tò, tòun ti òógùn abíyá. Kò dá àwọn ará mọ́ṣáláṣí tirẹ̀ náà sí. Ẹni tó bá so tirà mẹ́ta mọ́ dígí tí kò fi ríwájú mọ́, Mọ́rúfù á sọ fún un lójú ara rẹ̀. "Ọlọ́run fún ọ lójú, o wá fi awọ dí i," ló wí fún ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọkùnrin náà kò kí i fún oṣù mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ gíláàsì fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Ọdún kẹtàlá rèé tó ti ń wakọ̀ fún ìdílé Adéwùmí. Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Olúwaṣọlá Adéwùmí, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, pàápàá níwájú ìyàwó rẹ̀. Tinúkẹ́ ni ìyàwó náà ń jẹ́, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Motọ́láyọ̀. Láti jẹ́léósinmi ni Mọ́rúfù ti ń gbé ọmọ náà lọ tó ń gbé e bọ̀. Òun ló ń bá a so okùn bàtà. Lọ́jọ́ tí ibà mú un, ara Mọ́rúfù ló bì sí, ọkùnrin tí ìdọ̀tí ń rí lára yìí sì fọ ọmọ, ó fọ mọ́tò, ó fọ aṣọ ara rẹ̀, kò fajú ro. Ọmọ náà ti pé mẹ́rìndínlógún báyìí, yunifásítì ló ń lépa.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí ni Dókítà ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan, aláwọ̀ eérú. Ọjọ́ méjì gbáko ni Mọ́rúfù fi fọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ wáípà méjèèjì, ó fi spírítì nu etí rọ́bà, ó fọ gíláàsì nínú, ó fọ̀ ọ́ lóde. Gíláàsì náà mọ́ débi pé ẹyẹ kan fò wá, ó fi orí sọ ọ́. Rọ́fíàt ní òun kò rí i kí ọkọ òun rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Mùhámmẹ́d ọmọ wọn lórúkọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́ àti ìyàsímímọ́. Mọ́rúfù dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ògiri, ó ń wò wọ́n. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó fi ìka kan ṣe àmì àgbélébùú kékeré sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́rúfù ṣe àmín. Àdúrà ni àdúrà, kò sì sẹ́ni tí àdúrà pa lára. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ, ìtàn yìí ì bá má sí.

Ṣùgbọ́n díákónì kan wà níbẹ̀, ọkùnrin gbàǹgbà kan tó ń jẹ́ Lékan, ìgò òróró ńlá ló gbé dání. Ó ní ojú mọ́tò ni ọ̀tá kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí náà ojú mọ́tò ló yẹ kó gba òróró jù. Ó sì da ìdajì ìgò náà sórí gíláàsì iwájú. Àwọn ará ìjọ na ọwọ́, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ káàkiri, àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n fi bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n fi jẹ pọ́fúpọ́ọ̀fù lẹ́yìn ìsìn. Kò tó Díákónì Lékan. Ó ní kí Báyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọlé sídìí ọkọ̀ kó tan wáípà, kí òróró náà lè kárí. Báyọ̀ tan án. Rọ́bà tuntun tí Mọ́rúfù fi spírítì nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òróró lọ sápá ọ̀tún, ó ń gbé e bọ̀ sápá òsì, gíláàsì ń dán bí iwájú orí ẹni tó ń dín àkàrà. Díákónì sì fi àkísà kan nu èyí tó ń kán sílẹ̀, ó fi àkísà náà sínú búùtù, ó ní ìbùkún ni kò gbọdọ̀ ṣòfò. Mọ́rúfù kò lè wò ó mọ́. Ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n délé, ó tọ ìyá ilé lọ. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n fọ gíláàsì yẹn kó tó gbẹ."

"Bàbá Mùhámmẹ́d, ẹ má dán an wò," ni Tinúkẹ́ dá a lóhùn. "Ọjọ́ méje ni òróró yìí máa lò lára mọ́tò. Omi ò gbọdọ̀ kàn án, aṣọ ò gbọdọ̀ kàn án."

"Kí n nu ibi tí mo máa fi ríran nìkan, mà."

"Ibẹ̀ gan-an ni mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn."

Ó wá Dókítà lọ sẹ́yìnkùlé. Dókítà wo ilẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. "Ẹ ṣe bí màmá ṣe wí, ẹ jọ̀ọ́," ló sọ. "Ọjọ́ méje kì í ṣe ọdún méje."

Ẹ wá wo ohun tí gíláàsì náà dà nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ọjọ́rú. Eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró, ó di ìpẹ́. Òdòdó máńgòrò já bọ́ sí i, kò lè kúrò. Eṣinṣin mẹ́rin kú síbẹ̀, ọ̀kan ṣì ń mi ìyẹ́. Oòrùn ti yan òróró náà títí ó fi kan, tí òórùn rẹ̀ ń wọnú mọ́tò. Láàárọ̀ tí oòrùn bá kọjú sí i, ìkùukùu funfun ni Mọ́rúfù ń rí, á máa yọ́ ọkọ̀ lọ bí ìgbín láti ilé dé ilé-ìwé Màdáámù. Ó ń rí i lára láti fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀. Bó bá délé, á fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á ní òórùn náà ò kúrò.

Lọ́jọ́bọ̀ ni Motọ́láyọ̀ ní ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́, aago mẹ́wàá gééré. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ó di ọdún tó ń bọ̀. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni wọ́n gbéra, Tinúkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, Mọ́rúfù nídìí ọkọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ lórí Olósùnta. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀hún, lọ́nà Àkúrẹ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mọ́rúfù rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó rò pé àwọn á dé kó tó rọ̀, ó sì rò pé bí òun bá tún sọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀sìn ló ń dà á láàmú. Mi ò ní gbèjà rẹ̀ níbi tí mo dé yìí. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, òun náà ti fọwọ́ sí i.

Òjò ká wọn mọ́ lẹ́yìn Ìjú. Kò sán àrá, kò fẹ́ atẹ́gùn, ó kàn já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Mọ́rúfù tan wáípà. Òróró ọjọ́ márùn-ún, eruku ọjọ́ márùn-ún àti omi òjò wá pò pọ̀, gíláàsì di ògì. Bí wáípà bá ṣe ń lọ ló ń ro ògì náà nípọn sí i. Ó fi omi inú mọ́tò wọ́n ọn, pàbó ló já sí. Tírélà kan kọjá, ó da omi títì lù wọ́n, odindi ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, Mọ́rúfù ò rí nǹkan kan rárá, ó kàn di ìdarí ọkọ̀ mú ni.

"Ẹ yára díẹ̀, Bàbá Mùhámmẹ́d," ni Tinúkẹ́ wí látẹ̀yìn. "Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí nǹkan dúdú kan fi yọ níwájú wọn. Ọkọ̀ pákó ni, ó bàjẹ́ dúró sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn pákó náà yọ gọngọ sẹ́yìn, ẹnu wọn sì ṣe déédéé orí èèyàn. Nígbà tí Mọ́rúfù máa rí wọn, wọn ò jìnnà ju ìbú yàrá kan lọ. Ó fa ìdarí ọkọ̀ sí òsì, táyà yọ̀, ó mú ilẹ̀, wọ́n kọjá. Igi pákó kan fi ẹnu gba dígí ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó rọra wa ọkọ̀ kúrò lójú títì, ó dúró. Ó na ọwọ́ sí àpò ọ̀rá rẹ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Tinúkẹ́ bi í.

"Mo fẹ́ fọ gíláàsì, mà."

"Ọjọ́ karùn-ún la wà. Bàbá Mùhámmẹ́d, bí ẹ bá fọwọ́ kan òróró yẹn, ẹ ò tún ní wa mọ́tò mi mọ́. Mo sọ ọ́ tán."

Mọ́rúfù gbé àpò náà lé itan. Òjò ń lu òrùlé mọ́tò. Ó wá sọ ọ́, kò wẹ̀yìn, ògì tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

"Mo pa àbúrò mi, mà," ló wí. "Níyì. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo wà nígbà yẹn, ọmọ ọdún méjìlélógún. Òun ń wa ọkọ̀ èrò tó ń ná Òmùò. Wáípà mọ́tò rẹ̀ ń dún kin-ín kin-ín, èrò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Mo ki àkísà bọ òìlì ẹ́ńjìnnì, mo fi pa rọ́bà wáípà méjèèjì. Kò dún mọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, uṣẹ́ rẹ dáa.' Òjò bá a nígbà tó kọjá Ìjàn. Ọkọ̀ agégi kan dúró lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ní bóyá ó sùn lọ ni. Ohun tí ìyá wa gbà gbọ́ títí tó fi kú nìyẹn. Èmi ni mo lọ wo mọ́tò náà. Mo fọwọ́ kan gíláàsì tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ó ń yọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Rọ́fíàt gan-an ò mọ̀."

Motọ́láyọ̀ ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun tí Tinúkẹ́ sọ rèé:

"Epo ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Òróró mímọ́ lèyí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ọkùnrin kan hú òkú tó ti sin sínú ara rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó gbé e síwájú rẹ, ìwọ sì ń wo irú epo tó pa á. Mọ́rúfù wò ó nínú dígí tó wà lókè orí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lákòókò yẹn kì í ṣe ìbínú, ìríra ni, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ nǹkan nínú òkùnkùn. Ó sì kórìíra ara rẹ̀ mọ́ ọn, pé ó gbé wọn dé ibí kó tó yanu. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò.

Ó da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sójú gíláàsì, ó ká ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó ń fọ̀. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣì ń yọ̀. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ìka rẹ̀ tó dún lójú gíláàsì bó ṣe yẹ kó dún. Nígbà tó kan rọ́bà, ó rí ọwọ́ kan tó gbé apá wáípà sókè fún un. Motọ́láyọ̀ ni, nínú aṣọ tó fẹ́ wọ lọ ìdánwò, òjò ń rọ̀ lé e lórí. Ìyá rẹ̀ ń pè é látinú mọ́tò, kò dáhùn. Mọ́rúfù fi spírítì àti aṣọ funfun nu etí rọ́bà náà títí aṣọ fi di dúdú, tó sì yí ibi tó mọ́ síta, tó tún ń nù ún títí kò fi dúdú mọ́. Ó ju aṣọ náà sígbó. Kò jẹ́ mú un wọnú àpò rẹ̀.

Àádọ́rin ló fi wa ọkọ̀ dé Àkúrẹ́. Gbogbo kòtò ló ń rí kó tó dé ibẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n dé, Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sá wọlé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Tinúkẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó lọ sinmi nílé. Dókítà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tó máa ń wò. Báyọ̀ ni yóò máa wa mọ́tò, Báyọ̀ tó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀ tó ń fi ọwọ́ kejì gba fóònù, tí kì í rò pé mọ́tò dáa àfi bó bá sá dé ọgọ́fà.

Kò burú. Wọ́n ti lé èèyàn nídìí iṣẹ́ rí. Èyí tí n kò lè gbé mì ni ti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Mọ́rúfù jókòó síta, Rọ́fíàt ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ń ké dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohùn Tinúkẹ́ ni wọ́n gbọ́. Ó ń jẹ́rìí. Ó ní òjò ńlá ká àwọn mọ́ lọ́nà, ó ní àwọn ò ríran, ó ní pákó gígùn wà níwájú àwọn tó fẹ́ gba orí àwọn lọ, ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n fi ya mọ́tò náà sí mímọ́ dúró gbọn-in, ó kó àwọn yọ. Ìjọ pariwo Halelúyà. Kò mẹ́nu kan ọṣẹ. Kò mẹ́nu kan ìwé ìròyìn.

Rọ́fíàt wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mùhámmẹ́d, ṣé ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ ọjọ́ náà ni àbí òróró?"

Mọ́rúfù dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó tutọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Motọ́láyọ̀ pè é lórí fóònù. Ó yege, wọ́n sì ní kó padà wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Inú Mọ́rúfù dùn. Ọmọ náà wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, wọ́n tún ti da òróró sí i lẹ́yìn ìsìn. Díákónì ní ti àkọ́kọ́ ti ṣí. Báyọ̀ ló máa gbé mi lọ."

Oorun ò kùn ún mọ́ láti ìgbà náà. Nígbà tó kírun àsùbáà tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wo ojú ọ̀run lọ́nà Àkúrẹ́. Ó ti ṣú. Ó mú àpò ọ̀rá rẹ̀, ó ká aṣọ funfun tuntun sínú rẹ̀.

"Ulé tí wọ́n ti lé yín?" ni Rọ́fíàt bi í.

"Wọn ò lé mi lọ́dọ̀ ọmọ," ló fi dá a lóhùn.

Ohun tó ní lọ́kàn kò ju pé kó rọra ṣí géètì, kó fọ gíláàsì, kó sì máa lọ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlẹ̀kùn géètì náà tí kì í fi í ké. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé ló gbọ́ ìró omi. Ẹnì kan tẹ̀ mọ́ iwájú mọ́tò, ìró aṣọ ìdí lásán ló ró, korobá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fọ gíláàsì kíkankíkan. Tinúkẹ́ ni.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Obìnrin náà ta gìrì, àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Ẹyẹ ló ṣu sí i," ni Tinúkẹ́ wí.

Mọ́rúfù wo gíláàsì náà. Kò sí nǹkan ẹyẹ kankan níbẹ̀. Ó wo korobá, ó rí ìfófó ọṣẹ. Ó wo ilẹ̀, ó sì rí àkísà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: àkísà Díákónì Lékan ni, èyí tí wọ́n fi nu òróró tí wọ́n jù sínú búùtù. Bóyá aago mẹ́rin ni obìnrin yìí ti wà níbẹ̀, tó ń fi epo fọ epo. Ìríra ọjọ́ náà tún dé, Mọ́rúfù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ Tinúkẹ́. Omi ti jẹ́ kí ìka rẹ̀ hunjọ.

"Àkísà yẹn kò dáa, mà," ló wí. "Epo ló wà nínú ẹ̀."

Ó tú àpò rẹ̀. Ó da omi korobá nù, ó pọn òmíràn, ó po ọṣẹ. Tinúkẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Nígbà tí Mọ́rúfù fọ gíláàsì náà tán tó kan wáípà, ó gbé ojú sókè láti wá ẹni tó máa bá òun gbé e dúró. Tinúkẹ́ ti na ọwọ́.

"Ẹ dì í mú dáadáa, mà. Bó bá já bọ́, á la gíláàsì."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mọ́rúfù ń fi spírítì nu etí rọ́bà, ó ń nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mo ti sọ fún Báyọ̀ pé kó má wulẹ̀ wá," ni Tinúkẹ́ wí.

"Ó dáa, mà."

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Òjò àkọ́kán kan kán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Kí lẹ pe orúkọ àbúrò yín yẹn?"

Ọwọ́ Mọ́rúfù dúró. "Níyì."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ogún ọdún, mà. Kò tíì pé oṣù kan tó pé e."

Mọ́rúfù nu rọ́bà náà tán, ó ká aṣọ rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó dé ìgò spírítì. Nígbà tó máa wẹ̀yìn, obìnrin náà ṣì dúró síbẹ̀ nínú òjò, ó di apá wáípà náà mú sókè gírígírí, omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí, mà," ni Mọ́rúfù wí. "Ẹ rọra ni."